Àdírẹ́sì Ẹni Tí Kò Sí

Lọ́jọ́ Ajé ni mo sọ ọ́ lórúkọ,
kò sí àgbò, kò sí ààfáà tó pe ìrun sí i létí.
Rámọ́tálátù Ṣóyẹbọ,
ọmọ tí ìyá kankan ò bí ní Ẹ̀pẹ́,
tí kò ní bàtà, tí kò ní ojúlé,
àfi àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo
tí mo kọ ní funfun sórí funfun
sí ìsàlẹ̀ ìwé ìpolówó ẹgbẹ́ apẹja wa.
Ojú ènìyàn ò lè rí i.
Ẹni tó bá kọ̀wé sí i, kò mọ̀ ọ́n rí,
ńṣe ló ń fọwọ́ tú kọ̀rọ̀ ilé onílé.

Ohun tó fà á nìyí:
lẹ́tà kan ló wọlé tọ Bàbá Kúyẹ̀, akápò wa, lọ́dún tó kọjá.
"Báńkì yín fẹ́ tì. Ẹ tẹ ibí."
Bàbá tẹ ibẹ̀.
Owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi méjì
gba ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ jáde.
Títí dòní, bí fóònù bá dún,
bàbá á kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìgèrè ni bàbá tó bí mi ń hun.
Ó ní ẹja kì í bẹ̀rù ilé tí ẹnu rẹ̀ fẹjú.
Mo ṣílẹ̀kùn Rámọ́tálátù sílẹ̀ gbayawu.

Wọ́n dé.
Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti jẹ tẹ́tẹ́ tí kò ta.
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan kú sílùú òyìnbó, ó fi góòlù sílẹ̀ fún un.
Wọ́n ní irun rẹ̀ ń já, oògùn wà.
Ṣọ́jà kan ní òun ò rí oorun sùn nítorí ẹwà rẹ̀.
Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún,
ẹnikẹ́ni ò kọ irú ẹ̀ sí mi rí.

Gbogbo rẹ̀ ni mo kó fún asẹ́ inú kọ̀ǹpútà:
gbọ́ òórùn ẹnu wọn,
wo bí wọ́n ṣe ń kánjú,
bí wọ́n ṣe ń kí ni ní ìkíni ọlọ́yàyà
kí wọ́n tó bèèrè ohun tí wọ́n wá gbà.
Èyí tó bá jọ ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó dọ́dọ̀ Bàbá Kúyẹ̀.
Asẹ́ ò lójú, àmọ́ ó ń kọ́ ẹ̀kọ́.
Nígbà tó fi pé oṣù mẹ́ta,
lẹ́tà pàǹtí tó ń yọ́ wọlé ò ju méjì lọ lóòjọ́.

Ǹ bá dúró síbẹ̀ kí n máa yangàn.
Lọ́jọ́ Ẹtì kan tí iná ò sí,
mo ń fi ìwọ̀nba bátìrì tó kù yẹ ìgèrè wò,
mo bá ọmọkùnrin kan nínú rẹ̀.
Múbáṣírù, láti Ẹ̀jìnrìn.
"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi.
Mi ò ríran. Fóònù ló ń kàwé sí mi létí,
òun ló ka orúkọ yín fún mi.
Mo fẹ́ kọ́ àwọ̀n híhun."
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ́ asẹ́ pé
báyìí ni olè ṣe ń kí ènìyàn.

Funfun sórí funfun.
Ojú nìkan ni mo rántí.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣáájú àdírẹ́sì náà báyìí, fún etí:
"Bó bá jẹ́ ènìyàn ni ẹ́, má kọ̀wé síbí. Pe ọ́fíìsì."
Olè ò ní í gbọ́. Olè kì í kàwé, kíkó ló ń kó o.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀pá kan ilẹ̀kùn wa.
"Ìyá Rámọ́tálátù ńkọ́?"
Bàbá Kúyẹ̀ wò mí. Gbogbo ilé dákẹ́.
Mo ní, "Èmi nìyí."
Kò tilẹ̀ gbọ́ mi tán,
ọwọ́ rẹ̀ ti bá àwọ̀n tó wà lára ògiri,
ó ń fi ìka ka ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.